Àkísà Àgbà: Aṣọ àti Irun Àtijọ́ fún Ọjọ́ Gbogbo

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìtumọ̀ tí a máa ń fún òwe yìí ni pé bí ọ̀dọ́ tilẹ̀ lówó lọ́wọ́, kò lè ní ìrírí àgbà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún gbọ́ òwe náà bí ó ti dún ní etí gan-an. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á kò ka aṣọ tí ó ti pẹ́ sí ohun ìtìjú. Ó kà á sí ọrọ̀ tí ọjọ́ orí nìkan lè kó jọ.

Òwe yìí wá sí mi lọ́kàn ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń múra Ọjọ́ Àṣà. Wọ́n ti fẹnu kò sí aṣọ-òkè tuntun kan tí gbogbo wọn yóò fi ṣe ẹgbẹ́jọdá. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà láàrin wọn, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá jù lọ ní kíláàsì mi. Ní ọjọ́ àjọ̀dún náà, n kò rí i. Nígbà tí mo bi í léèrè lẹ́yìn náà, ó dọ̀bálẹ̀ ohùn, ó ní, 'Ẹ má bínú, sà. Owó aṣọ náà ni n kò rí san.' Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀. Ohun tí a ń pè ní àjogúnbá gbogbo wa ti di ohun tí ọmọ tálákà kò lè bá wa pín nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin yìí kan náà wá sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé. Ìró àdìrẹ tí ó ti ṣá díẹ̀ ni ó ró, èyí tí ó jẹ́ ti ìyá ìyá rẹ̀ nígbà kan rí. Ó fi òwú dúdú kó irun rẹ̀. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tí àṣìṣe wa wà.

Àṣìṣe náà ni pé a mú aṣọ ìmúròde àwọn baba wa, a sì sọ ọ́ di gbogbo aṣọ wọn. Láyé àtijọ́, Yorùbá mọ aṣọ iṣẹ́ sí aṣọ ìwọ́lé, wọ́n sì mọ méjèèjì sí aṣọ ìmúròde. Sányán, àlàárì àti ẹtù jẹ́ aṣọ iyì. Ọjọ́ ìyàwó, ọjọ́ oyè àti ọjọ́ ìsìnkú àgbà ni wọ́n ń jáde. Kò sí àgbẹ̀ tí ń wọ àlàárì lọ sí oko, kò sì sí ìyá aláta tí ń ró sányán lọ sí ọjà. Bí a bá fẹ́ jogún aṣọ wọn láìjẹ gbèsè, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí wọ́n ń wọ̀ ní ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ kankan.

Èkíní nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni kíjìpá. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun ún nínú ilé, lórí òfì ìdúró, pẹ̀lú òwú tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ran. Aṣọ tí ó nípọn ni, tí ó sì lálòpẹ́. Èkejì ni dàńṣíkí ọkùnrin, ẹ̀wù tí kò ní wàhálà, tí apá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé sí ara ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Láti inú èdè Hausa ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni aṣọ tí a ń wọ̀ sí abẹ́. Ẹ̀wù iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé wọ̀ ní àwọn ọdún 1960, ní Harlem àti ní àwọn ìlú mìíràn, láti fi hàn pé wọn kò tijú orísun wọn. Wọn kò dúró de ọjọ́ àjọ̀dún kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Wọ́n wọ̀ ọ́ jáde sí ìgboro.

Ẹ̀kẹta ni àdìrẹ, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú àpótí àwọn ìyá wa. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: a dì í, a sì rẹ ẹ́. Oníko ni èyí tí a fi ìko dì. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán pọ̀. Ẹlẹ́kọ sì ni èyí tí a fi ìyẹ́ adìyẹ kọ iṣẹ́ sí lára pẹ̀lú ẹ̀kọ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, kí aró má baà mú ibẹ̀. Ewé èlú tí a gún, tí a sì sá gbẹ, ni a ń rẹ sínú omi eérú títí aró yóò fi jinná nínú ìkòkò. Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti Ìbàdàn ni ó gbajúmọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí kò yí padà rí ni àdìrẹ. Lára iṣẹ́ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, àwòrán òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn tí a parí ní ọdún 1929. Nígbà tí ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935, àwọn aláró ya ọba àti ayaba náà sí ara aṣọ. Ohun tí ojú wọn rí ni ọwọ́ wọn ń kọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi bùbá àdìrẹ sórí ṣòkòtò jíǹsì lónìí kò ba àṣà jẹ́. Àwọn tí wọ́n dá àṣà náà sílẹ̀ kò bẹ̀rù ohun tuntun.

Ọ̀nà wo wá ni ẹni tí àpò rẹ̀ kò wúwo lè gbà? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni láti béèrè kí a tó ra. Ẹ lọ bá ìyá yín, tàbí ìyá bàbá yín bí ó bá wà láàyè, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì wí pé, 'Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó wà nínú àpótí yín?' Àgbà tí a bá béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà kọ̀. Ìró àdìrẹ àtijọ́ jẹ́ abala méjì tí a rán pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa tó nǹkan bí yáàdì 2½. Bí ó bá ṣì pé, ẹ ró o bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe gé e. Bí ìdajì rẹ̀ bá ti ya, abala kejì tó fún télọ̀ láti dá bùbá kan. Bí ó bá ti ṣá, a lè gbé e padà tọ aláró lọ kí ó tún un rẹ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe.

Aṣọ-òkè pàápàá ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a hun, tí a sì rán mọ́ ara wọn kí ó tó di aṣọ. Bí ọ̀já kan bá ya, a lè tú u kúrò, kí a sì fi òmíràn dípò rẹ̀. Agbádá bàbá àgbà tí kòkòrò ti jẹ létí ṣì lè di fìlà méjì àti ìborùn kan. Ní ti ìtọ́jú, omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni a fi ń fọ àdìrẹ, ní òun nìkan, kí aró rẹ̀ má baà ràn mọ́ aṣọ mìíràn. Abẹ́ òjìji ni a sì ń sá a sí. Aṣọ-òkè kì í fẹ́ omi púpọ̀. Ẹ máa tẹ́ ẹ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí ẹ sì máa yí ojú ibi tí ẹ ti ń ká a padà, kí ó má baà ya níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, 'Ṣé àlòkù ni kí n máa wọ̀?' Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ wo ọjà òkìrìkà. Òfin ilẹ̀ wa kò fẹ́ kí a kó aṣọ àlòkù wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń bẹ̀rẹ̀ ṣa á lójoojúmọ́. A ń tijú àlòkù ẹni tí ó bí wa, a sì ń fi owó ra àlòkù ẹni tí a kò mọ̀ rí. Ní ìlú òyìnbó tí mo ti kàwé, mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ń wọ kóòtù bàbá wọn àgbà wá sí yàrá ìkàwé. Bí ẹnìkan bá yin kóòtù náà, inú wọn a dùn láti sọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí aṣọ, kí a bọ́ sórí irun. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn obìnrin wa ń gbà tọ́jú irun: bíba, dídì àti kíkó. Irun bíba ni èyí tí a ṣe ní ńlá ńlá, fún ìgbà díẹ̀, títí àyè yóò fi gbà láti ṣe èyí tí ó dára jù. Irun dídì ni èyí tí ó lẹ̀ mọ́ awọ orí. Bí a bá dì í láti etí orí yíká lọ sókè, ṣùkú ni. Bí ó bá ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá pàdé ní àárín bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, pàtẹ́wọ́ ni. Èyí tí ó ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn ni kọ̀lẹ́sẹ̀, èyí tí ó sì ti ìpàkọ́ wá sí iwájú ni ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Irun kíkó ni èyí tí a fi òwú wé láti ìdí dé ṣóńṣó.

Nínú gbogbo wọn, irun kíkó ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn jù lọ, nítorí pé òun ni a ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ. Òwú, òòyà àti òrí díẹ̀ ni ó ń fẹ́. Kò fẹ́ irun àtọwọ́dá, kò sì fẹ́ iná. Òwú náà fúnra rẹ̀ ni yóò na irun náà gùn láìjó o. Kì í sì í ṣe ohun tí kò lẹ́wà. Ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó ṣaláìsí ní ọdún 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní ọdún 1968. Lára àwọn àwòrán rẹ̀ ni irun olówùú tí a ń pè ní Onílé-gogoro wà. Àwọn ilé àkójọ-iṣẹ́-ọnà ní òkè òkun ti gbé àwọn àwòrán wọ̀nyí kọ́ sára ògiri wọn. Ohun tí àwọn àlejò ń sanwó wọlé lọ wò ni a fi ń ṣe ẹlẹ́yà ní kíláàsì.

Wọ́n ní onídìrí kì í di orí ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin tí ń gbé ilé akẹ́kọ̀ọ́. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún bá fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ṣe ìpàdé, tí wọ́n ń di orí fún ara wọn, owó yóò dúró nínú àpò, ọwọ́ yóò sì kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fà á le jù. Irun tí a ń fà le nígbà gbogbo a máa pá ní iwájú orí àti ní ẹ̀gbẹ́ etí, ó sì lè má hù padà mọ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Kí a má ṣe torí pé a ń wá ohun tí kò wọ́n, kí a wá máa rẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti kún ọjà báyìí, wọ́n sì ń pè é ní àdìrẹ. Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa funfun, nígbà tí aró tòótọ́ ń mu aṣọ já. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí kò bá lè ra ìró odindi, kí ó ra ìborùn kékeré lọ́wọ́ aláró gidi, kí ó sì san owó rẹ̀ pé.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti kékeré, kò pọ̀. Ní Ọjọ́ Àṣà tí ń bọ̀, ẹ fi í ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra aṣọ tuntun. Kí olúkúlùkù mú ohun tí ó wà ní ilé rẹ̀ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àbọ̀ aṣọ, kí ó sì dìde sọ orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Mo ní ìdí tí mo fi fi orúkọ kún un. Ní ọjọ́ Ajé tí mo wí yẹn, lẹ́yìn tí kíláàsì parí, mo bi ọmọbìnrin náà ní orúkọ iṣẹ́ tí ó wà lára ìró rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù níwájú mi. Ìyá rẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n ti sùn ní ọdún méjì ṣáájú. Wọ́n wá gbójú lé èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé wálé láti òkè òkun. Mo yí etí aṣọ náà síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, n kò sì rí orúkọ kankan pè é.

Aṣọ náà ṣì wà. Ó ṣì ń ró o wá sí kíláàsì títí ó fi jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ìyá àgbà yín ṣì wà ní ilé, ẹ lọ béèrè.