Ọmọ I.T. Tàbí Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́: Ta Ni Kí Oníṣòwò Gbé Ètò Kọ̀ǹpútà Rẹ̀ Fún?

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ṣókí lórí iṣẹ́ tí mo ń ṣe, ìyẹn ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn oníṣòwò, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní software. Mo ronú lórí ohun tó lè wúlò fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, iléèwé, ilé ìtura tàbí ìsọ̀ ní Wuye níbí. Ìbéèrè kan ni àwọn ènìyàn wa máa ń bi mí jù: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ kan wà tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Ó ní òun á bá mi ṣe é ní ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tí àwọn ọ̀gá ń gbà. Ṣé kí n gbé e fún un?"

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ nǹkan kan. Láti ọdún 1973 tí àjọ ITF ti dá ètò SIWES sílẹ̀ ni gbogbo ọ́fíìsì ní Nàìjíríà ti mọ ẹni tí à ń pè ní ọmọ I.T. Á wá, á lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, á sì padà sí iléèwé. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU ti ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, kò sì dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Àwọn ọmọ kan jókòó ti láptọ́ọ̀pù lákòókò náà, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ gidi láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo rí lára wọn tó mọ irinṣẹ́ tuntun jù mí lọ. Nítorí náà, pé ọmọ náà lè kọ ètò tó máa ṣiṣẹ́ lójú yín, mi ò bá yín jiyàn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀. Oníbàárà ra páálí oògùn kan. Iṣẹ́ méjì ni kọ̀ǹpútà ní láti ṣe: kí ó yọ páálí kan kúrò nínú ọjà tó kù, kí ó sì kọ owó tó wọlé sílẹ̀. Ó ti yọ ọjà, ó kù kí ó kọ owó, iná lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, kọ̀ǹpútà ti kú. Nígbà tí wọ́n tàn án padà, ọjà ti dín, owó kò sí nínú ìwé. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárín oṣù, ìṣirò kò ní bára mu, ọmọ tó dúró ní kántà ni gbogbo ojú á sì máa wò. Mo mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pè lólè lórí irú ọ̀ràn yìí. Kò mú kọ́bọ̀. Ètò tí wọ́n ń lò ló ń purọ́ mọ́ ọn.

Ìwòsàn rẹ̀ wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. Àwọn ètò ìkódátàpamọ́ tó dára mọ bí a ti ń so iṣẹ́ méjì pọ̀: kí méjèèjì ṣẹlẹ̀, tàbí kí ìkankan má ṣẹlẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, kọ̀ǹpútà á pa èyí tó ti ṣe rẹ́ nígbà tó bá jí, bí ẹni pé wọn kò tíì ta ọjà náà rárá. Kò ju ìlà díẹ̀ lọ láti kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ti kà á fún ìdánwò o. Ṣùgbọ́n ní iléèwé, olùkọ́ a dán ètò rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, a fún un ní máàkì, ó parí. Iná kì í lọ láàárín rẹ̀, akọ̀wé méjì kì í sì í ta páálí tó kẹ́yìn ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tí iná ti lọ mọ́ lọ́wọ́ rí ni kì í gbàgbé ìlà wọ̀nyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kọ́bọ̀. Bí àwa kò ti lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán ní 0.333, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà, tí kò mọ̀ ju òdo àti oókan lọ, kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán. Bí ẹ bá ní kó ro 0.1 mọ́ 0.2 ní ọ̀nà tó rọrùn jù láti kọ, èsì rẹ̀ kò ní bá 0.3 dọ́gba géérégé. Àgbà nídìí iṣẹ́ a kọ gbogbo owó sílẹ̀ ní kọ́bọ̀, ní odidi: ₦1,250.50 á di 125,050. Wàhálà parí.

Títí di ìparí oṣù Kìíní ọdún 2020, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún náà, ìjọba sọ ọ́ di 7.5. Ẹni tó ti rí i rí pé ìjọba a máa yí òfin padà yóò ti fi iye náà sí ojú kan ṣoṣo, níbi tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ ti lè tún un ṣe. Ẹni tí kò rí i rí á kọ 5 sí ogún ibi: inú rìsíìtì, inú ìròyìn oṣù, inú ibi tí òun fúnra rẹ̀ máa gbàgbé. Ọjọ́ tí òfin bá yí padà, ọmọ náà ti di àgùnbánirọ̀ ní ìpínlẹ̀ míràn.

Ẹ̀rí tó tóbi jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Èkó. Ní ọdún 2014 ni Iyinoluwa Aboyeji, Jeremy Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ilé-iṣẹ́ Andela sílẹ̀. Wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tó ní làákàyè, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìrírí, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n ń sanwó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, wọ́n á sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, àjọ tí Mark Zuckerberg àti ìyàwó rẹ̀, Priscilla Chan, dá sílẹ̀ ló ṣáájú àwọn tó fi mílíọ̀nù 24 dọ́là síbẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, Zuckerberg fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Èkó. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Andela kéde pé òun yóò jẹ́ kí bíi 250 nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí lọ ní Nàìjíríà àti Uganda, àti pé ọ̀rọ̀ náà lè kan 170 míràn ní Kenya. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ti ń fẹ́ ẹni tó ní ìrírí, wọn kò sì rí iṣẹ́ tó tó fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò já fáfá. Ẹni tó bá gbà wọ́n gbọ́dọ̀ ní àgbà tí yóò jókòó tì wọ́n, àgbà bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ tó ní olùkọ́ àti owó tó bẹ́ẹ̀ kò bá rí i gbé, báwo ni oníṣọ́ọ̀bù kan ní Wuye yóò ṣe dá a gbé?

Ẹnìkan á ní, ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 19 ni Zuckerberg nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Facebook ní Harvard lọ́dún 2004? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ti ara rẹ̀ ló ń ṣe, iléèwé ló sì fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọmọ tí ẹ fẹ́ gbéṣẹ́ fún, iṣẹ́ yín ni yóò fi sílẹ̀ nítorí iléèwé, ohun tó sì yẹ kí ó ṣe nìyẹn.

Ẹ wo ìsọ̀ télọ̀. Kò sí ẹni tó máa gbé aṣọ òkè ìgbéyàwó fún ọmọ iṣẹ́ olóṣù mẹ́ta pé kí ó gé e. Síbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ yẹn ló ń ṣẹ́ etí aṣọ, òun ló ń tẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn. Bí mo ti ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn nìyẹn. Ẹ sanwó ọjọ́ díẹ̀ fún àgbà kan kí ó "gé aṣọ": kí ó pinnu bí owó àti ọjà yóò ṣe wà ní ìpamọ́, kí ó sì máa padà wá yẹ iṣẹ́ wò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ṣe ìyókù: ojú ìwé tí akọ̀wé ń lò, ìròyìn oṣù, kíkó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọlé, kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Owó rẹ̀ kò ní pọ̀ tó ti ọ̀gá nìkan, ọmọ náà á sì kọ́ ohun tí iléèwé kò lè kọ́ ọ. Bí owó àgbà kò bá sí rárá, ẹ ra èyí tó ti wà nílẹ̀ bíi Sage tàbí QuickBooks, tàbí kí ẹ ṣì dúró ti ìwé àkọsílẹ̀ yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹni tó de táì ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Òfin 49 ti ọdún 1993 dá àjọ CPN sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ó sì dára kí ẹ béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n èmi a máa béèrè ohun míràn ṣáájú: oníṣòwò wo ló ti lo iṣẹ́ rẹ fún ọdún méjì, kí ni nọ́ńbà fóònù rẹ̀?

Ẹ tún rántí pé láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni a ti ní òfin tó ń dáàbò bo dátà àwọn ènìyàn. Bí orúkọ, fóònù àti àìsàn àwọn oníbàárà yín bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tí ó sì lè pa wọ́n lára, wákàtí 72 ni ẹ ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 2 náírà, tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún yín lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á kọ́kọ́ wá bá, wọn kò ní lọ wá ọmọ I.T. kiri.

Nípa ìwé àdéhùn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ètò náà. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, ẹni tó kọ ètò lè sọ pé òun ló ni ín. Kí orúkọ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì yín àti gbogbo pásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó san owó tó kẹ́yìn, ẹ mú kọ̀ǹpútà míràn wá àti ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́, kí ó fi ẹ̀dà tó wà nípamọ́ gbé ètò náà kalẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó kọ ọ́ máa wò ó láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bí ọjà tí ẹ tà lánàá bá yọ síbẹ̀ pé pérépéré, ẹ sanwó fún un.