Àpótí Fọ́tò Ilé Yín: Ẹ Tọ́jú Rẹ̀ Kí Ó Tó Di Àbámọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti oúnjẹ, kì í sì í ṣe ti aṣọ. Ọ̀rọ̀ àpótí kan ni, tàbí ti báàgì àtijọ́ kan, tí ó máa ń wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí lábẹ́ ibùsùn nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa. Inú rẹ̀ ni fọ́tò ẹbí wà: ti ìgbéyàwó bàbá àti ìyá, ti ìkómọjáde, ti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, àti ti màmá àgbà tí ó jókòó lórí àga pẹ̀lú gèlè àti ìborùn rẹ̀.

A kì í sábà rántí àpótí yìí àfi bí ọ̀ràn bá dé. Bí àgbàlagbà kan bá fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora, gbogbo ilé yóò bẹ̀rẹ̀ sí tú u, nítorí pé a ń wá àwòrán tí ó dára tí a óò tẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú. Ìgbà náà ni a óò rí i pé ikán ti jẹ apá kan, pé àwọn mìíràn ti lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni fi àtè lẹ̀ wọ́n, àti pé nínú àwọn tí ó dára tí ó ṣẹ́ kù, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó wà níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ì bá sọ ọ́ fún wa gan-an ni a fẹ́ lọ sin yẹn.

Fọ́tò kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ lọ́dọ̀ wa

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Stephen Sprague wá sí Ìlá Ọ̀ràngún láti wo bí àwọn ayàwòrán wa ti ń ṣe iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1978 ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní African Arts. Ó ṣàkíyèsí pé bí àgbàlagbà Yorùbá bá fẹ́ ya fọ́tò, aṣọ iyì ni yóò wọ̀. Yóò jókòó, yóò gbé ọwọ́ lé itan, yóò kọjú sí ayàwòrán gan-an, a ó sì rí i láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó tún rí fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì bá ti ṣaláìsí kí a tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán yóò ya èyí tí ó kù, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ jókòó. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ó wọ aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin fún ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin abiyamọ: ìyá tí ó ní irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ nínú àpótí, ṣé bébà lásán ni ó ń tọ́jú?

Bẹ́ẹ̀ náà ni J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó ṣaláìsí ní ọdún 2014, ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1968 sí ya onírúurú irun tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ń dì àti èyí tí wọ́n ń fi òwú kó. Lónìí, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọgbọ́n ọwọ́ àwọn onídìrí ìgbà náà, àwòrán rẹ̀ ni yóò lọ wò. Irú ẹ̀rí kan náà ń bẹ nínú àpótí tiyín.

Àwọn ọ̀tá fọ́tò

Ọ̀tá kìíní ni ọ̀rinrin àti ooru. Ẹ má ṣe gbé àpótí fọ́tò sí orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e ti ògiri tí òjò ń nà, ẹ má sì gbé e sí orí àjà tí páànù ń jó o. Àárín kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni ó dára jù. Ẹ máa ṣí i wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, nítorí ikán, aáyán àti eku kì í fẹ́ ibi tí ọwọ́ ènìyàn ń dé nígbà gbogbo.

Ọ̀tá kejì ni oòrùn. Fọ́tò tí ó kọjú sí fèrèsé yóò ṣá. Fọ́tò aláwọ̀ mèremère tilẹ̀ ń ṣá díẹ̀díẹ̀ nínú òkùnkùn pàápàá; ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a yà ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980 fi di pupa rúsúrúsú. Fọ́tò dúdú àti funfun tí a fọ̀ dáadáa máa ń pẹ́ jù wọ́n lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣe àdàkọ, àwọn aláwọ̀ mèremère ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Ọ̀tá kẹta ni àwa fúnra wa. Gọ́ọ̀mù, sẹ́lótéépù, píìnì àti rọ́bà tí a fi ń di owó, gbogbo wọn ni ó ń ba fọ́tò jẹ́. Ìwé ìròyìn tí a fi ń wé e pẹ̀lú yóò pọ́n, yóò sì kó àbàwọ́n ràn án. Bébà funfun tí kò ní ohun kan lára ni kí ẹ fi wé e. Ẹ ṣọ́ra fún álíbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù tí a sì ń fi ọ̀rá bò. Bí ó bá pẹ́, gọ́ọ̀mù náà yóò gbá fọ́tò mú. Ẹ má fi ipá ya á. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò náà níbi tí ó wà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ fà á lábẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti igun kan. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá sì ti lẹ̀ mọ́ díńgí férémù, ẹ jẹ́ kí ó wà lára díńgí náà, kí ẹ ya àdàkọ rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀

Pẹ́ńsùlù tí ó rọ̀ ni kí ẹ lò. Bírò a máa tẹ ojú àwòrán láti ẹ̀yìn, yíǹkì rẹ̀ a sì máa kó ran fọ́tò kejì. Ẹ da fọ́tò dojú bolẹ̀ lórí tábìlì tí ó mọ́, kí ẹ rọra kọ ọ́ sí etí rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń dán tí pẹ́ńsùlù kò mú un, ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé tí ẹ ó fi í sí.

Kí ni kí ẹ kọ? Ẹ má ṣe kọ "Ìyá Ìbàdàn" tàbí "Bọ̀dá Èkó" tàbí "Àǹtí Nọ́ọ̀sì" nìkan. Ẹ̀yin mọ ẹni tí ẹ ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ yín kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí pé kò sí ìdílé tí kò ní Ìyá Ìbàdàn tirẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ bàbá, ìlú, ọdún, àti ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe.

Bí ọdún kò bá yé yín, ẹ yí ẹ̀yìn fọ́tò wò bóyá òǹtẹ̀ ayàwòrán wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú títì ni a ti yà á, ẹ wo ọkọ̀. Apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ìgbà tí a yí i padà sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Bí owó bá wà nínú àwòrán, bóyá níbi tí wọ́n ti ń ná an mọ́ ìyàwó lórí, ẹ rántí pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà.

Ṣùgbọ́n kò sí òǹtẹ̀ tí ó tó ẹnu àgbà. Ẹ gbé àpótí náà lọ bá màmá tàbí bàbá ní ìrọ̀lẹ́ tí ara wọ́n bá tù. Ẹ má kàn bi wọ́n pé, "Ta nìyí?" Ẹ bi wọ́n pé ayẹyẹ ta ni, ta ni ó rán aṣọ yẹn, ta ni kò bá wọn yà á. Bí bàbá bá dúró ti kẹ̀kẹ́ Raleigh nínú fọ́tò, ẹ bèèrè ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ fún fọ́tò nìkan ni. Ó sì lè jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ náà ni ó fi ń ru kòkó tí a fi rán yín níwèé. Kí ọmọ kan máa fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀.

Bí omi bá wọlé

Àwọn ará Ìbàdàn kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980 tí omi Ògùnpa kún àkúnya, àti ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí ìkún omi tún ṣọṣẹ́. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó. Ẹ̀mí ni kí a kọ́kọ́ gbà là. Ẹ má ṣe tìtorí fọ́tò wọ inú àgbàrá láéláé. Ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé àpótí náà sókè.

Bí fọ́tò bá tutù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ rọra ṣàn wọ́n nínú omi tútù tí ó mọ́, láìfi ọwọ́ ra ojú àwòrán. Ẹ tẹ́ wọn sórí aṣọ tí ó mọ́ ní ibòòji, kí àwòrán kọjú sókè. Ẹ má sá wọn sí oòrùn, ẹ má yá wọn níná. Àwọn tí ó bá ti lẹ̀ pọ̀, ẹ rẹ wọ́n sínú omi mímọ́ títí wọn yóò fi ya fúnra wọn. Láàárín ọjọ́ méjì ni kí ẹ parí rẹ̀, kí wọ́n má baà bu. Bí àyè kò bá sí, ẹ fi ọ̀rá wé wọn sínú fìríísà tí ó ń di yìnyín títí ọwọ́ yín yóò fi dilẹ̀. Àwọn fọ́tò ìsinsìnyí tí a fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà aláyíǹkì tẹ̀ nìkan ni kí ẹ má rẹ sómi, nítorí yíǹkì wọn yóò ṣàn. Ẹ kàn fẹ́ wọn gbẹ ni.

Àdàkọ àti ìrìn-àjò

Fóònù ọwọ́ yín tó láti ṣe àdàkọ. Ẹ tẹ́ fọ́tò sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn kò sì ràn sí i tààrà. Ẹ nu ojú kámẹ́rà, ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ na fóònù gbọọrọ lókè rẹ̀ kí ó má dagun. Ẹ ya iwájú, kí ẹ ya ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kì í ṣe bí fọ́tò, nítorí pé bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò, dídára rẹ̀ yóò dínkù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ àbúrò ní ìlú mìíràn, kí ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó wà lókè òkun. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fóònù a máa jábọ́ sómi, olè a sì máa jí i nínú ọkọ̀. Nítorí náà ẹ tẹ àwọn tí ó ṣe pàtàkì sórí bébà.

Bí ẹ bá ń lọ sílé fún ọdún, àdàkọ ni kí ẹ mú dání. Bí ó bá di dandan láti gbé ojúlówó, ẹ fi í sáàárín páálí méjì tí ó le, kí ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ó sì wà nínú báàgì ọwọ́ yín. Ẹ má fi í sínú búùtù ọkọ̀ tí ooru ti mú.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé fọ́tò tí ó pẹ́ jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Èyí tí ó ku ẹyọ ènìyàn kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n ni. Ẹ lọ bá ẹni náà lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú pẹ́ńsùlù dání.