Ọwọ́ àti Ère: Bí A Ṣe Lè Ka Àrokò inú Sinimá Ọmọlangidi

Ní ọdún 1965 ni Jiří Trnka, ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia, ṣe sinimá kékeré kan tí ó pè ní Ruka, èyíinì ni ‘Ọwọ́’. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 péré ni ó gbà. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kankan nínú rẹ̀, a kò sì rí odindi ènìyàn kan níbẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí Trnka kú ní ọdún 1969, àwọn aláṣẹ ìlú rẹ̀ fi òfin de sinimá náà. Kí ni àwọn aláṣẹ kà nínú ohun tí kò sọ̀rọ̀?

Ó yẹ kí òǹkàwé kọ́kọ́ mọ bí a ti ń ṣe irú sinimá yìí. A ó gbé ọmọlangidi kalẹ̀, a ó ya àwòrán rẹ̀. A ó sún apá rẹ̀ díẹ̀, a ó sì tún un yà. Bí a bá wá ń fi àwọn àwòrán náà hàn ní kíákíá, 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ojú wa yóò gbà pé ère náà ń rìn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ń sún un kì í hàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìtàn náà kò gùn. Amọ̀kòkò kan ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo (iṣẹ́ obìnrin ni ìkòkò mímọ jẹ́ ní ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni eléyìí). Òdòdó róòsì kan ni ó fẹ́ràn, òun ni ó sì ń mọ ìkòkò fún. Lójijì ni ọwọ́ ńlá kan tí ó wọ ìbọ̀wọ́ wọlé, ó fẹ́ kí amọ̀kòkò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ère ọwọ́. Amọ̀kòkò kọ̀. Ọwọ́ náà fi owó lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ obìnrin, ó wá tàn án. Nígbẹ̀yìn ó so okùn mọ́ ọn lára, ó sì tì í mọ́ inú àgò, níbi tí ó ti ń gbẹ́ ère ọwọ́ títí ó fi fi iná àbẹ́là jó okùn náà, tí ó sì sá lọ sílé.

Ìdáhùn tí ó máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé Ọwọ́ ni ìjọba, amọ̀kòkò sì ni oníṣẹ́-ọnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Àwọn baba wa tí ń pa àrokò mọ̀ pé nǹkan kan kì í dá sọ̀rọ̀. Bí a bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ni. Owó ẹyọ kan náà ni, ìdúró rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni kí a fi wo ìkòkò inú sinimá yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfẹ́ ni. Nígbà tí amọ̀kòkò sá dé ilé, ó kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa nítorí ìbẹ̀rù Ọwọ́. Ìkòkò òdòdó rẹ̀ ni ó já lù ú lórí, ó sì kú. Bí Ọwọ́ bá jẹ́ ìjọba tí ọ̀ràn sì parí síbẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ìkòkò yìí? Ní ojú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìbànújẹ́ sinimá náà wà: Ọwọ́ kò sí nínú yàrá mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ dáàbò bò ni ó sì pa á.

Ẹ tún wo ojú ère náà. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sunkún. Bí a ti kùn ún ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí orí bá tẹ̀ díẹ̀, tí òjìji sì bo ojú, a ó rí ìbànújẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, a ó rí ayọ̀. Ẹni tí ó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní ṣiyèméjì: igi kan náà ni ó wà lórí oníjó, síbẹ̀ ìlù àti ẹsẹ̀ a máa sọ ọ́ di ẹni mìíràn.

Ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ènìyàn gidi ni, ẹran-ara, nígbà tí amọ̀kòkò jẹ́ ère lásán. Síbẹ̀ ère ni àánú rẹ̀ ń ṣe wá, ẹran-ara ni ó ń bà wá lẹ́rù. Nígbà tí a so okùn mọ́ amọ̀kòkò lára ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọmọlangidi ni láti ìgbà yìí wá, àti pé ọwọ́ kan tí a kò rí ni ó ń sún un, kódà nígbà tí ó ń bu omi sí òdòdó rẹ̀ ní àlàáfíà. Ìrántí yìí ni ó mú kí ara wa bù máṣọ. Kò sí bí a ṣe lè fi òṣèré ènìyàn ṣe irú rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú amọ̀kòkò, Ọwọ́ náà fi ẹ̀yẹ ńlá sin ín.

Ní 1965, wọ́n gbà kí a fi sinimá yìí hàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà àti ti àwọn orílẹ̀-èdè kan tí ó bá a ṣe wọ Czechoslovakia. Nígbà tí a wá fi òfin dè é, kò sí àwòrán kan ṣoṣo tí ó yí padà nínú rẹ̀.