Fíìmù kan, àwòrán 36: Bí a ṣe ya fọ́tò àwọn àgbà wa ní Peckham

Òfin rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Fíìmù dúdú àti funfun kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tó lè ya àwòrán 36. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Kí ojú àgbàlagbà kan, ó kéré tán, wà nínú ohun tí ẹ bá mú wá. Báyìí ni àwọn tó ń ya fọ́tò ní àdúgbò wa ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣe gbé ìpèníjà náà kalẹ̀, àwa ọ̀dọ́ Yorùbá mẹ́sàn-án sì forúkọ sílẹ̀. Ìlú Ọba níbí ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa sí. Ẹnì kan péré ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki fíìmù bọ kámẹ́rà rí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tààrà: a ò sọ pé fíìmù dára ju fóònù lọ. Àṣehàn ni àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, èèyàn lè ya ìyá àgbà nígbà 200 kí ìyá tó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, kó má sì wo ìkankan nínú wọn mọ́ láé. Bó bá jẹ́ 36 péré lẹ ní, ẹ ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín ta ni ẹ fẹ́ yà, àti kí ló dé.

Pentax K1000 ni kámẹ́rà tí wọ́n yá wa, irú èyí tó jáde lọ́dún 1976. Bátìrì kékeré wà nínú rẹ̀ tó ń bá a wọn ìmọ́lẹ̀. Bó bá kú, kámẹ́rà ṣì ń ya fọ́tò. HP5 Plus ti ilé-iṣẹ́ Ilford ni fíìmù náà. Ilford tí ẹ mọ̀ ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà ni: ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1879, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mobberley ní Cheshire ni wọ́n wà báyìí.

Ẹ wọn ìmọ́lẹ̀ lójú, kì í ṣe lára léèsì

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa aláwọ̀ dúdú nìyí. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò mọ èèyàn. Ó gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Ẹ wá gbé e kọjú sí màmá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé: léèsì funfun, gèlè funfun, ògiri funfun lẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà á rí gbogbo funfun yẹn, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Léèsì á di eérú, ojú màmá á di èédú. Ẹ ò ní rí ìrísí kankan níbẹ̀ ju eyín lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí wa, tó ti ń fọ fíìmù kí wọ́n tó bí wa, ya màmá kan lẹ́ẹ̀mejì láti fi hàn wá. Àkọ́kọ́, ó ṣe ohun tí kámẹ́rà sọ. Èkejì, ó tọrọ gáfárà, ó sún mọ́ màmá náà títí ojú rẹ̀ fi kún kámẹ́rà, ó wọn ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó sì yà á láì tún yí nǹkan kan padà. Nígbà tí a fọ fíìmù náà, àwòrán kejì nìkan la ti lè ka ilà pélé tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá.

Ìdí rẹ̀ ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé lórí fíìmù, òfìfo ni. Kò sí ẹni tó lè fa nǹkan kan jáde níbẹ̀ mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì pọ̀ jù díẹ̀, fíìmù bíi HP5 á gbà á mọ́ra. Fún awọ dúdú, ẹ má ṣahun ìmọ́lẹ̀.

'Ẹ jẹ́ kí n jókòó dáadáa'

Ohun tí a ní lọ́kàn ni àwòrán àìròtẹ́lẹ̀: Dádì ń rẹ́rìn-ín, Mọ́mì ń ṣa ata rodo ní Rye Lane, kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀ pé a wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ò gbà. Bí ẹ bá ti kí wọn tán, tí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, wọ́n á ní kí ẹ dúró. Wọ́n á wọlé lọ pàrọ̀ aṣọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á kọjú sí yín gan-an, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ẹsẹ̀ á yà kí aṣọ lè tẹ́. Ẹ̀rín á tán lójú.

Ìjókòó yìí kì í ṣe tuntun. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tó lọ wo iṣẹ́ àwọn oní-fọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978. Ó rí i pé irú ìdúró tó wà lára ère wa ló wà nínú fọ́tò náà. Ó tún rí i pé àwọn kan níbẹ̀ ti ń lo fọ́tò dípò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó yà wọ́n pọ̀, oní-fọ́tò á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, á sì tẹ méjèèjì sórí bébà kan, bíi pé wọ́n jókòó ti ara wọn. Bí èyí tó kú bá jẹ́ obìnrin, tí èyí tó kù sì jẹ́ ọkùnrin, wọ́n á wọ aṣọ obìnrin fún un nígbà kan. Inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ o.

A jiyàn lórí rẹ̀ láàárín ara wa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà. Ìpinnu wa ni pé kí a fi ìdajì fíìmù ya àwọn àgbà bí wọ́n ṣe fẹ́, kí a fi ìdajì ya bí àwa ṣe fẹ́. Nígbà tí a fi wọ́n wéra, tiwọn ló dára jù. Kò dùn mọ́ wa láti sọ ọ́.

Bàbá kan wà nínú wọn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti padà sí Abẹ́òkúta. Ó gẹ fìlà rẹ̀ sápá òsì, ó jókòó, ó ní, "Ẹ yà á dáadáa o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èyí lẹ ó gbé sójú ìwé ètò." Ìwé ètò ìsìnkú ló ń sọ. Bàbá rẹ́rìn-ín, àwa ò rí ẹ̀rín rín. Ọmọ rẹ̀ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé fọ́tò bàbá òun tó dára jù nínú ilé ni èyí tí wọ́n yà ní sítúdíò kan n'Ìbàdàn lọ́dún 1971, kí bàbá tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti ìgbà náà, fọ́tò wà lóríṣiríṣi, kò sí èyí tí bàbá jókòó fún. Àwòrán mẹ́ta ló kù nínú fíìmù wa lọ́jọ́ náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la lò fún un.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa

Ẹni tó bá rò pé fọ́tò dúdú àti funfun ní Lọ́ńdọ̀nù kò kan ọmọ Yorùbá, kó lọ wo iṣẹ́ Rotimi Fani-Kayode. Èkó ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1955. Lọ́dún 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ìdílé rẹ̀ sá wá sí Ìlú Ọba. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì padà wá gbé ní Brixton, tí kò jìnnà sí wa rárá. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ló máa ń yà jù, ó sì ń mú ẹ̀sìn àti ìtàn Yorùbá wọ inú iṣẹ́ náà. Kò fi pamọ́ pé ọkùnrin ni òun fẹ́ràn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò di irú ẹni tí àwọn òbí òun ń retí. Bóyá ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú, Autograph, sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Ó kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ẹni ọdún 34.

J.D. 'Okhai Ojeikere kì í ṣe Yorùbá ní tirẹ̀, ìpínlẹ̀ Ẹdó ló ti wá, ṣùgbọ́n yàrá òkùnkùn kan n'Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1954. Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun dídì, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà. Ọ̀kan nínú wa rí iṣẹ́ yìí, kò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Ó lọ sí ilé onídìrí kan ní Rye Lane, ó fi 35 ya ẹ̀yìn orí, ó sì fi ọ̀kan tó kù ya ojú ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù, kí òfin má bàa mú un.

Inú òkùnkùn biribiri

Ẹ ti rí iná pupa nínú fíìmù sinimá? Ìgbà tí a bá ń tẹ fọ́tò sórí bébà ni ìyẹn wà fún. Fíìmù fúnra rẹ̀ kò gba iná kankan. Inú òkùnkùn biribiri la ti ń fi ọwọ́ wá etí rẹ̀, tí a ó ká a sínú agolo, tí a ó dé e. Ìgbà yẹn la tó lè tan iná. Omi oògùn tí a lò ń jẹ́ ID-11: ìṣẹ́jú méje àtààbọ̀, nígbà tí omi bá gbóná dé 20°C. Lẹ́yìn rẹ̀, oògùn tó ń dá a dúró, oògùn tó ń mú àwòrán náà mọ́lẹ̀, omi púpọ̀. Àwọn òbí wa máa ń sọ pé "a fọ fọ́tò". Títí a fi dúró síbi ẹ̀rọ omi yẹn, a ò mọ̀ pé fífọ gan-an ni.

Bàbá wá gba fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kí a kọ orúkọ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè nẹ́gẹ́tíìfù. Ọ̀ràn dé. Àwòrán mẹ́fà mẹ́fà ni a ti gé fíìmù náà sí, mẹ́ta ìyókù lórí ìlà ti Bàbá sì jẹ́ ojú màmá kan tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀. Àwọn kan ní àwọn tó ya fọ́tò ló ni nẹ́gẹ́tíìfù. Àwọn kan ní ẹni tó ni ojú ló ni ín. A pe màmá lórí fóònù. Màmá ní òun bọ̀wọ̀ fún Bàbá, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ojú òun bá ẹnikẹ́ni dé Abẹ́òkúta.

Ẹni tó ń darí wa sọ pé ìlà kúkurú máa ń nira láti dì mú bí a bá fẹ́ tún fọ́tò náà tẹ̀. Bàbá ní kí a gé e. A gé e láàárín. Bàbá kó tirẹ̀ sínú àpòòwé tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà.