Bí Ara Bá Ń Yún, Ẹ Jẹ́ Kí A Wo Inú Pẹ̀lú

Gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kókó tí ń sú sí ara. Òmíràn kò ju làpálàpá tàbí ẹ̀fọn tí ó jẹ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ìdílé wa mọ̀, nítorí pé àrùn inú ara ni ó sábà máa ń bá rìn.

Àgbàlagbà ni ó máa ń mú jù. Kókó á sú sí i ní ẹsẹ̀ àti apá, nígbà mìíràn ní ẹ̀yìn. Àárín kókó kọ̀ọ̀kan á jin díẹ̀, ohun líle kan bí èèpá á sì dí i. Yíyún rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn lóru. Ibi tí a bá họ gan-an ni òmíràn tún ń sú sí, àní ní ìlà gbọọrọ bí èékánná ṣe gbà kọjá.

Kí ni ó fà á? Lábẹ́ awọ wa ni àwọn fọ́nrán tí ó di ara mú wà. Nínú àrùn yìí, fọ́nrán náà bàjẹ́, awọ sì ń tì wọ́n jáde, bí ìgbà tí ara ń ti ẹ̀gún jáde.

Ní ọdún 1916, Josef Kyrle, dókítà kan ní Vienna ní ilẹ̀ Austria, kọ̀wé nípa obìnrin kan tí irú kókó bẹ́ẹ̀ sú sí lára. Obìnrin náà ní àtọ̀gbẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní àrùn ṣúgà. Títí di òní, àtọ̀gbẹ àti àrùn kíndìnrín ni a ń bá lára ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ní i. Nínú àwọn tí kíndìnrín wọn kò lè sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́, tí ẹ̀rọ ń bá wọn fọ̀ ọ́, ó lè tó 1 nínú 10 tí ó ń ṣe.

Ohun tí ó ń dùn wá ni pé nínú ilé mìíràn, wọ́n á ya abọ́ àti ẹní bàbá àgbà sọ́tọ̀, wọ́n á ní ẹ̀tẹ̀ ni, tàbí pé àsàsí ni. Àrùn yìí kì í ràn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jókòó tì í, kí wọ́n bá a jẹun.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ wò pẹ̀lú. Ẹ má ṣe dúró de ìrora: kíndìnrín lè máa bàjẹ́ lọ láìdun ènìyàn rárá. Ẹ má fi ọṣẹ líle bó o lára. Ẹ má sì fún un ní àgbo tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí òmíràn lè ba kíndìnrín jẹ́ sí i.

Dókítà ní ìpara àti oògùn tí ń dá yíyún dúró. Ní ilé, ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú, kí ẹ sì máa fi òróró tí kò ta ara pa á. Nígbà tí híhọ bá dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ kókó náà a máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń fi àpá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí awọ bá ti jinná, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí ìyẹn pa oògùn àtọ̀gbẹ tì. Awọ ni ó kígbe. Inú ni a ó máa tọ́jú.