Ikọ́ Tó Pé Ọ̀sẹ̀ Méjì: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Nípa Ikọ́ Ife

Nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ kọ orúkọ ọmọ òrukàn tuntun sínú ìwé wa, a máa ń béèrè ohun tó pa bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa ní Ararọ̀mí-Òwu, àti ní àwọn abúlé agbègbè Ìkirè àti Àpòmù, ìdáhùn kan wà tí a ti gbọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: "Ó kàn ń wúkọ́ ni, ó sì ń rù, títí ó fi lọ." Ìdáhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, torí pé àìsàn tó sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ ní oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà.

Àgbẹ̀ kòkó kan wà tó bẹ̀rẹ̀ ikọ́ ṣáájú Ràmàdáánì, tí ikọ́ náà kò sì dá títí Iléyá fi kọjá. Ó ra oògùn ikọ́ olómi lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, ó mu àgbo, àwọn kan tún ní wọ́n fún un ní nǹkan jẹ lójú oorun ni. Nígbà tó máa kú, aṣọ rẹ̀ kò dúró lára rẹ̀ mọ́. Kò pé oṣù mélòó kan tí ìyàwó rẹ̀, tó ń yan gààrí tà, náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí ọmọ rẹ̀ tó kéré jù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Àwọn ará àdúgbò ní ọkọ rẹ̀ ló ń pè é. Wọn kò ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. A kò lè bá wọn wí jù, torí àwa náà gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dàgbà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń bá wa ṣe àbẹ̀wò sí àwọn opó ló mú un lọ sí Ìkirè pé kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ikọ́ ife ni.

Ikọ́ ife yàtọ̀ sí ikọ́ fée, èyí tó máa ń há èèyàn láyà tí kì í sì í ràn. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, ló kéde ní ìlú Berlin ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 pé òun ti rí kòkòrò náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ fún ikọ́ ife lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn. Bí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá wúkọ́, tó sín, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ sókè, kòkòrò á bá èémí rẹ̀ jáde, ẹlòmíràn á sì fà á símú. Kì í gba ara abọ́ oúnjẹ ràn, kì í gba ara ìbọ̀wọ́ ràn. Kì í ṣe àjogúnbá, kì í sì í ṣe àsàsí. Ohun tó ń jẹ́ kó máa mú ará ilé kan náà tẹ̀ lé ara wọn ni pé yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sùn, wọ́n sì máa ń ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀fọn àti olè. Bí òkú ọkọ ṣe ń "pe" ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fà á símú ló ń ṣàìsàn o. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn ayé tí kòkòrò yìí ti wọ ara wọn, ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn, márùn-ún sí mẹ́wàá ló máa ṣàìsàn rẹ̀ láyé wọn. Ara tó lágbára á sé e mọ́lé. Ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún un ni kòkòrò éèdì, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, ọtí, àti ebi. Síbẹ̀, ní ọdún 2023, mílíọ̀nù 10.8 ènìyàn ló ṣàìsàn rẹ̀ ní àgbáyé, mílíọ̀nù 1.25 sì kú. Kò sí orílẹ̀-èdè kankan ní Áfíríkà tó ní aláìsàn tó pọ̀ tó ti Nàìjíríà lọ́dún náà.

Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má ra oògùn ikọ́ sí i mọ́, ẹ lọ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Bí ibà ìrọ̀lẹ́, òógùn òru tó ń rin aṣọ, rírù, tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ má tilẹ̀ dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọdé kì í sábà lè pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ọmọ tí kò sanra, tí kò ṣeré mọ́, tí ẹnìkan sì ń wúkọ́ nínú ilé rẹ̀, ẹ gbé e lọ. Wọ́n ti lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò dípò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní GeneXpert ń fi èsì hàn láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú náà sábà máa ń gbà: oògùn mẹ́rin pa pọ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ikọ́ á rọlẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kún, aláìsàn á ní òun ti gbádùn, á sì padà sóko. Àwọn kòkòrò tó lágbára jù ló ṣẹ́kù nígbà yẹn. Bí ó bá dá oògùn dúró, àìsàn náà lè padà, ó sì lè jẹ́ irú èyí tí apá oògùn àkọ́kọ́ kò ní ká mọ́. Ìtọ̀ tó pupa bí omi ọsàn máa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀. Oògùn rifampicin ló ń fà á, kò léwu. Ṣùgbọ́n bí ẹyinjú bá pọ́n bíi ti ibà pọ́njú, kí aláìsàn tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn kan tún wà tó ń fo oògùn ní Ràmàdáánì nítorí ààwẹ̀. Ẹ̀sìn wa ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti jẹun, kó sì san ààwẹ̀ náà padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ sì ni wọ́n ń lo oògùn yìí, nítorí náà kí ó bá dókítà sọ ọ́, kí ó má dá ìpinnu ṣe.

Bí oògùn bá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni sàká fẹ́ ṣe níbẹ̀? Owó ọ̀kadà láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìkirè kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ọjọ́ tí obìnrin bá lọ gba oògùn, kò ní yan gààrí lọ́jọ́ náà. Bí ara bá sì ti ń yá, ebi á máa pa aláìsàn gan-an. Ẹni tí kò rí jẹ á di oògùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ìpínlẹ̀ Jharkhand ní Íńdíà, èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Gbogbo aláìsàn ni wọ́n fún ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n ní apá kan, wọ́n fún àwọn ará ilé aláìsàn náà ní ìrẹsì àti ẹ̀wà lóṣooṣù. Láàárín àwọn ará ilé tó rí oúnjẹ gbà yìí, ikọ́ ife tuntun fi nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kò rí gbà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ni o, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Àwọn aláìní àti tálákà ló ṣíwájú nínú àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, a kò sì mọ ẹni tó tún yẹ fún un ju opó tó ń lo oògùn oṣù mẹ́fà lọ.

Ní ti àwọn ọmọdé, abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń gún ìkókó ń dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ irú èyí tó le jù, bíi èyí tó ń wọ ọpọlọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó sì ń bá aláìsàn gbé, ní oògùn ìdènà tirẹ̀, bí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé kò ní àìsàn náà. Ẹ̀yin alùfáà tí ẹ ní ilé kéú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ṣí fèrèsé. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn kò náni ní kọ́bọ̀.

Opó wa yẹn lo oògùn rẹ̀ pé. Ọmọ rẹ̀ tó ń rù náà lo tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́rin tí kò ṣàìsàn sì lo oògùn ìdènà. Ó ti padà sídìí gààrí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí a fi sàká òun sí owó ọkọ̀ àti oúnjẹ irú àwọn aláìsàn yìí, kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé tó fi owó sí, tàbí kí ó sọ fún akápò lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.