Òkè tí ó ga jù ní Norfolk

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ tí ojú rẹ̀ ti mọ́ àpáta ńláńlá láti kékeré lè rẹ́rìn-ín bí a bá fi ohun tí àwọn ará Norfolk ń pè ní òkè hàn án. Norfolk jẹ́ ẹkùn kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àbàtà pọ̀ níbẹ̀, àwọn ibì kan kò sì ga ju òkun lọ rárá. Beacon Hill, lẹ́bàá abúlé West Runton, ni ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀. Gíga rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 100. Síbẹ̀, àwọn òbí a máa kó ọmọ wọn lọ gùn ún ní ọjọ́ ìsinmi.

Ọ̀nà náà kò le. Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní West Runton yóò kọ ẹ̀yìn sí òkun, yóò sì wọ inú igbó lọ. Kò ní í rìn tó wákàtí kan kí ó tó dé orí òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kékeré ni ó ń fà lọ́wọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a lè dé òkè náà kí a má mọ̀ pé a ti dé. Kò sí ṣóńṣó, kò sí àpáta. Igi ló bo ibẹ̀, àárín igi ni a ti ń rí òkun fírífírí. Ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí òkè fún lè bínú. Iṣẹ́ àgbà níbẹ̀ ni kí ó pa ìtàn.

Ìtàn kò sì wọ́n. Iná tí wọ́n ń dá láti kéde ọ̀tá tí ń bọ̀ lórí òkun ni ó fún òkè náà ní orúkọ. Wọ́n tún ń pe ibẹ̀ ní ibùdó àwọn ará Róòmù, ṣùgbọ́n kò sí àmì pé àwọn ará Róòmù tẹ̀ dó síbẹ̀ rí. Àwọn tí ń wa òkúta irin láyé àtijọ́ ni ó gbẹ́ àwọn kòtò inú igbó náà: ọmọ Ògún ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọ ogun.

Yìnyín ni ó mọ òkè náà. Ní nǹkan bí ọdún 450,000 sẹ́yìn, yìnyín tí ó nípọn ti iyanrìn, amọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ síwájú, bí ẹni ń gbálẹ̀. Nígbà tí ó yọ́, òkìtì náà kù sílẹ̀. Ohun tí a kó jọ báyìí kò lágbára, òkun sì ń wó o létí lójoojúmọ́. Ní abúlé Happisburgh, ilé ti bá a lọ. Ẹni tí ó mọ etíkun Kùtọnu kò ní í béèrè ìtumọ̀ èyí. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1953, omi òkun ya wọ ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pa ènìyàn 307, nǹkan bí 100 nínú wọn ní Norfolk. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, mítà 100 kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ní Happisburgh yìí kan náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, òkun gbá iyanrìn kúrò lórí ẹrẹ̀ tí ó ti le, ipasẹ̀ ènìyàn sì hàn. Àwọn onímọ̀ sáré ya àwòrán wọn. Ọjọ́ orí wọn lé ní ọdún 800,000. Lẹ́yìn òde Áfíríkà, a kò tíì rí ipasẹ̀ ènìyàn tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó jọ pé ènìyàn bí márùn-ún ni, àgbà àti ọmọdé, tí wọ́n ń rìn lọ létí odò, tí wọ́n kọjú sí gúúsù. Òkè tí a ń sọ yìí kò tíì sí nígbà náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òkun ti pa ipasẹ̀ wọn rẹ́.